Ààwẹ̀ Tí O Fi Ń Bo Túúlu Mọ́lẹ̀

Dowa, Porto-Novo
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àsárì

Ràfíátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà, nítorí mo mọ̀ pé o ò sí ní àlàáfíà. Ìyá ọkọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ mi ni. Láti Akpro-Missérété ló ti gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn wá nínú oòrùn, nítorí pé ó fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé hìjáàbù funfun tuntun kan dání pẹ̀lú tẹ̀sùbáà gígùn kan, ó ní ẹ̀bùn ìyá tó bí ọmọ rere ni. Èmi tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí rídò fèrèsé oníbàárà kún itan mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Ìyá Wàsíù, kí ló dé tí ẹ fi ń dúpẹ́ tó báyìí?"

Ó ní, "Ìyá Ràfíátù, Ọlọ́run ló fi ọmọ yẹn ta wá lọ́rẹ. Ṣé ẹ rí àwọn ìyàwó òde òní, oúnjẹ lẹ́nu, fóònù lọ́wọ́. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀. Àlàmísì, ààwẹ̀. Nígbà mìíràn Sátidé pàápàá, ààwẹ̀ náà ni. Á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, á fa rídò bo fèrèsé, á máa ṣe síkírì láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí a bá kanlẹ̀kùn, ọwọ́ ló fi máa ń júwe pé ká máa lọ."

Síkírì wo? Túúlu ni! Ẹ̀fọ́rí túúlu tó ti ń dà ọ́ láàmú láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tó máa ń fọ́ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ títí wàá fi bì, tí o kì í fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tí o kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnìkan fọ abọ́ pàápàá. Ìyẹn ni o sọ di ìjọsìn fún wọn.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò yín ti fohùn ṣọ̀kan, ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí àsálátù àwọn ìyàwó kéékèèké. Láti Láháádì tó ń bọ̀ ni. Gbogbo Láháádì, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, lábẹ́ òrùlé páànù, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn létí rẹ, tí àwọn obìnrin á máa lu bàǹdírì lọ́tùn-ún lósì. Ràfíátù, bí ọ̀tá rẹ bá jókòó láti wá ìyà tó máa dùn ọ́ jù, kò lè rí èyí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí.

Ìgbà tó wá sọ èyí tó kẹ́yìn ni gbogbo rẹ̀ sú mi. Ó ní, "Àlàmísì tó kọjá, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. A sáré gbé e sábẹ́ ìbòòji, èmi fúnra mi bu omi sí i lẹ́nu. Ó pa ẹnu pọ̀. Ó ní oòrùn ò tíì wọ̀. Ìyá Ràfíátù, mo sunkún ayọ̀."

Ó sunkún ayọ̀! Ọmọ mi ṣubú lulẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n gbé omi sí i lẹ́nu, ó kọ̀ ọ́. Kì í ṣe nítorí Ọlọ́run ló fi kọ̀ ọ́ o, nítorí irọ́ ni. Àbí bí o bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ì bá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé mi ò lè la ẹnu mi. Mo gba hìjáàbù náà, mo dúpẹ́, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo bá a pe zẹ́mìjàn. Inú ń bí mi sí ọ, inú sì ń bí mi sí ara mi, mi ò tíì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ ọ́. Wàá ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá mi," wàá sì gbé fóònù fún ìyá ọkọ rẹ kí ó kí mi, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń pa ojú rẹ lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, gàdàgbà-gadagba bí o ṣe ń wò ó yìí, ní èdè Yorùbá tí mo kọ́ nígbà tí àǹtí mi rán mi lọ sílé ìwé ní Ìpókíá, tí èmi náà fi agídí kọ́ ọ nígbà tó jẹ́ pé Faransé nìkan ni wọ́n ń rọ́ sí ọ lórí. Sìdí àbúrò mi ló máa mú un wá fún ọ ní Àlàmísì. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́wọ́, gbé e fún un, kí ó kà á fún ọ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ó dáa. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ọwọ́ mi ló sì ti bàjẹ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé Wàsíù wá ṣe ìwádìí wa? Àǹtí rẹ̀ tó sanra yẹn bi mí pé, "Ẹ má bínú o, ṣé kò sí àìsàn kankan nínú ìdílé yín?" Èmi, pẹ̀lú ẹnu mi yìí, mo ní, "Àìsàn kẹ̀? Ibà lásán kì í ṣe wọ́n." Ìwọ sì wà ní yàrá ẹ̀yìn lákòókò yẹn gan-an, o fi ìborùn so orí pinpin, ò ń bì sínú garawa. Mo sọ fún wọn pé o lọ kí ìyá àgbà ní Adjarra. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọlé wá bá ọ, mo ní, "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o. Bó bá dé, wá nǹkan sọ fún wọn." O wá nǹkan sọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ràfíátù, nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ṣé Ọlọ́run ló yẹ kó o fà wọ inú rẹ̀? O ò lè ní inú ló ń run ọ́?

Rídò oní-ìlọ́po méjì tí mo rán sí yàrá rẹ náà, mo sọ fún wọn pé ohun tó lòde nìyẹn. Irọ́ ni. Kí òkùnkùn lè ṣú fún ọ dáadáa ni mo ṣe rán an.

Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. O mọ̀ pé èmi náà ní túúlu, ọ̀dọ̀ mi lo ti gbà á. Nígbà tí mo di ìyàwó nílé bàbá rẹ, oṣù kan kò pé tó fi dé. Mo ń bì, mi ò fẹ́ gbóòórùn òróró, mi ò lè dìde. Ìyá bàbá rẹ wọlé, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ohun tí mò ń rò ni?" Ojú ń tì mí láti sọ pé orí lásán ló dá mi dùbúlẹ̀, kí wọ́n má baà ní ọ̀lẹ ni wọ́n gbé wálé. Mo dorí kodò, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n kẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn! Mi ò gbálẹ̀, mi ò pọnmi. Nígbà tó yá tí ikùn ò yọ, wọ́n ní oyún ti wálẹ̀, wọ́n wá bá mi kẹ́dùn. Mo gba ìkẹ́dùn. Túúlu tún dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, Ràfíátù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n se àgbo kíkorò fún mi, tí mo dijú mu ún. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí bàbá rẹ fẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò sọ òtítọ́ síbẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ wá dé ní tòótọ́, kò sí ẹni tó lè yọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án tó yẹ kí bàbá rẹ fi máa rẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù ló fi lò ó.

Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Iléyá, bí a bá kírun tán, bàbá rẹ á jókòó sórí ẹní, á ṣe àdúà fún ọmọ mẹ́rin: ìwọ, àti àwọn mẹ́ta tí kò dúró. Kò sí ọmọ mẹ́ta kankan. Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí ó fi kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mi ò lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ni mo rántí nígbà tí ìyá ọkọ rẹ ń sọ̀rọ̀ ẹkún ayọ̀ fún mi lónìí.

Wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe, má sì ṣe "mo ti gbọ́" fún mi.

Èkínní, jẹun. Mu omi. O mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, dókítà sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì: túúlu tìrẹ kì í fẹ́ ebi, kì í fẹ́ òùngbẹ, kì í fẹ́ àìsùn. Kí wá ni ò ń ṣe? Orí ń fọ́ ọ, o ní o gbààwẹ̀. Nítorí o ti ní o gbààwẹ̀, o ò lè jẹun kódà bí orí náà bá fi ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ebi á wá tún orí náà dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wàá tún gbààwẹ̀. Ta lo fẹ́ kó gbà ọ́ nínú ìyẹn? Jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ti oṣù ààwẹ̀ gan-an, kí o tó bẹ̀rẹ̀, bá dókítà sọ̀rọ̀, kí o sì bá ààfáà sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọlọ́run fàyè gba aláìsàn kó sinmi kó sì san án padà. Ìwọ ni o ò fàyè gba ara rẹ.

Èkejì, oògùn. Mo rí agolo tó wà nínú báàgì rẹ nígbà tí o wá kí mi, má rò pé mi ò rí i. Láti ọwọ́ àwọn tó ń gbé e sínú agbọ̀n kiri lo ti rà á. Èmi náà ṣe é. Nígbà kan, bí mo bá jí, kí orí tó fọ́ rárá, mo ti gbé méjì mì. Tó bá di ọ̀sán, méjì sí i. Ó wá di pé kò sí ọjọ́ kan tí orí kò fọ́ mi. Mo rò pé ayé ló ń bá mi jà. Dókítà ló bi mí pé, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lo oògùn yìí?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí. Ó ní oògùn náà ló ti wá ń fa ẹ̀fọ́rí o. Mo bá a jiyàn títí! Ìgbà tí mo fi í sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni ojú mi wá là. Nítorí náà, bí o bá ń lò ó ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀, lọ rí dókítà, má lọ rí alágbọ̀n. Oríṣi oògùn mìíràn wà tí wọ́n máa ń fún ni kí túúlu má baà wá lemọ́lemọ́. Ra ìwé kàyé kékeré kan irú ti ọmọ ilé ìwé, kí o máa kọ ọjọ́ tó dé sí i, ohun tí o jẹ, bí o ṣe sùn, bóyá nǹkan oṣù rẹ ti sún mọ́lé. Gbé e lọ fún wọn. Dókítà kì í mọ ohun tí a kò bá sọ.

Bí orí kan bá sì ṣàdédé bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ju bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí apá kan bá rọ, tí ẹnu bá wọ́, tàbí tí ibà bá bá a wá tí ọrùn sì le, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ rídò. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wàá pàdé ẹlòmíràn tó ní in, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ládùúgbò. Má ṣe é bí mo ṣe ṣe Sìdí. Sìdí tó gbé lẹ́tà yìí wá, nígbà tó ń bá mi rán aṣọ, ó máa ń sọ fún mi pé òun ń rí nǹkan tó ń tàn wìrìwìrì níwájú òun, pé ìdajì aṣọ tó wà lọ́wọ́ òun ti pòórá. Èmi tí mo ní túúlu! Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ní tèmi kì í tàn wìrì, kí ni tirẹ̀ ń tàn fún? Mo ní kó jókòó kó parí iṣẹ́ oníṣẹ́. Kò tún sọ ọ́ fún mi mọ́. Ó di ọjọ́ kan, ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ, ojú rẹ̀ ṣú lápá kan, abẹ́rẹ́ sì wọ ọmọ ìka rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kàn wò mí. Mo ṣì ń rí ojú tó fi wò mí yẹn. Bí ẹnìkan bá ní orí ń fọ́ òun, gbà á gbọ́. Kò pọn dandan kí tirẹ̀ jọ tìrẹ.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni, mi ò kà á mọ́: Wàsíù. Ọmọ dáadáa ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ ran ẹni tó rò pé ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́wọ́? Àní ó ń fi ẹsẹ̀ yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ kó má baà da síkírì rú, ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ! Sọ fún un bó ṣe rí. Sọ fún un kí ó pa iná, kí ó pa rédíò, kí ó gbé omi tútù àti garawa sítòsí rẹ, kí ó fún ọ ní aṣọ tútù fún iwájú orí. Kí ó má jókòó tì ọ́ kí ó máa bi ọ́ pé "ṣé ó ti lọ?" níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí ó má fi lófínńdà wọlé wá bá ọ. Kí ó má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi tùràrí fín ọ, ìfẹ́ ló máa fi ṣe é o, ṣùgbọ́n èéfín yẹn á tún pa ọ́ lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bàbá kan tó ń sín gbẹ́rẹ́ fún túúlu, kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ó ti tó. Ní ọjọ́ tí ara rẹ bá le, kí o ṣe tirẹ̀ fún un dáadáa, kí ó lè rántí pé o kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo tún ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ẹ wo ìyá yìí! Pa ìyẹn rẹ́. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rí pé o kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ti àsálátù, sọ fún wọn pé o ò lè ṣe olórí. Fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ bá wọn ṣe nǹkan, máa bá wọn kọ orúkọ, máa bá wọn rán hìjáàbù. Jìnnà sí bàǹdírì àti páànù gbígbóná.

Mo mọ ohun tí ò ń bẹ̀rù. Ò ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní a tàn wọ́n jẹ. A tàn wọ́n jẹ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá kírun tán, èmi fúnra mi ń bọ̀ ní Akpro-Missérété. Màá kúnlẹ̀ níwájú ìyá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i, màá dá hìjáàbù àti tẹ̀sùbáà rẹ̀ padà, màá sì sọ fún un pé èmi ni mo purọ́ lọ́jọ́ ìwádìí, èmi ni mo sì ní kó o máa fi pamọ́. Ó ṣeé ṣe kó bínú. Kó bínú sí mi. Ó ṣeé ṣe kí àǹtí tó sanra yẹn pariwo. Kó pariwo, àmọ́ kó jìnnà sí yàrá rẹ. Bí wọ́n bá sì ní kó o máa bọ̀ nílé, máa bọ̀, yàrá rẹ wà níbẹ̀, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé tí túúlu wà. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sáré bu omi sí ọ lẹ́nu fẹ́ràn rẹ, ó kàn jẹ́ pé a kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe ọ́ ni.

Ohun kan wà tí mi ò lè bá ọ ṣe, ìyẹn sì ni ti òní. Òní Àlàmísì tí o ń ka lẹ́tà yìí, mo mọ̀ pé wọ́n rò pé o gbààwẹ̀. Sìdí gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja dání, mo sì ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbéra títí o fi máa jẹ ẹ́. Má jẹ ẹ́ ní yàrá. Gbé e jáde sí gbangba, ibi tí ìyá ọkọ rẹ wà, kí Wàsíù náà wà níbẹ̀ bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Bu omi, kí o mu ún. Wọ́n á dìde. Wọ́n á ní, "Ràfíátù, oòrùn ò tíì wọ̀ o!" Wò wọ́n lójú, kí o sọ pé, "Mi ò gbààwẹ̀. Mi ò gbà á rí. Orí ló ń fọ́ mi."

Èmi ni ìyá rẹ, tó kọ́ ọ ní irọ́ náà.